Kí Ló Dé Tó Fi Jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù? Ìtàn Àwọn Ọmọ Wa Tó Lọ Kọ́ Òfin Lókè Òkun

Bí ẹ bá wà nínú dánfó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá yín dúró, ẹ ti nǹkan bọ etí dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á ni, ọ̀rọ̀ ẹnu mi náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ yìí. Ẹ má bínú bí mo bá yà bàrà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀.

Ohun tó fa ètò tòní ni ohùn kan tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin ni, Ìbàdàn ló ń gbé. Ó ní òun ti gba àdìmíṣọ̀n sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin méjì lókè òkun. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí owó yàrá kan ṣoṣo ti lè mú èèyàn gbàgbé oúnjẹ. Èkejì wà ní Scotland, owó ilé ibẹ̀ rọjú díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì ń gbé nítòsí. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ta ilẹ̀ kan tí wọ́n ní lọ́nà Mọ́níyà kí wọ́n lè fi san owó ọdún àkọ́kọ́. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú? Ṣé ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà tiẹ̀ ṣe pàtàkì ni, nígbà tó jẹ́ pé òfin kan náà ni wọ́n ń kọ́ níbi gbogbo?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gba oorun lójú mi. Òfin kan náà kọ́ o. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Tókíyò, egungun tó kọ́ nípa rẹ̀ níbẹ̀ náà ni yóò bá lára èèyàn ní Òṣogbo. Òfin ò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ní ilé, ó ní ààlà, ó sì ní àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ìtàn ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yìí, ó ti lé ní ogóje ọdún tí àwọn èèyàn wa ti ń dáhùn rẹ̀, owó ara wọn ni wọ́n sì fi dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó àtijọ́. Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Nígbà tó di 1876, wọ́n ṣe òfin tó dá kóòtù gíga sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Supreme Court. Òfin yẹn ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe wà ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1874, ni kóòtù yóò máa lò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọjọ́ kan pàtó ni wọ́n dá. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ yẹn di òfin fún ẹni tó ń ta epo pupa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àṣà ìbílẹ̀ náà, ní ti ìgbéyàwó, ogún àti ilẹ̀ ẹbí, bí àṣà náà kò bá ti ta ko ohun tí àwọn adájọ́ òyìnbó kà sí ẹ̀tọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ta ló wá lè dúró rojọ́ níwájú irú kóòtù bẹ́ẹ̀? Lọ́yà tí wọ́n ti gbà wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Lọ́yà bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀ ní Èkó rárá. Nítorí náà, kóòtù máa ń fún àwọn akọ̀wé tó gbọ́ òyìnbó, tó sì mọ̀wé òfin díẹ̀, ní ìwé àṣẹ kí wọ́n máa bá èèyàn rojọ́. Ẹ lè rò ó wò: kò sí dìgírì, kò sí wíìgì, gírámà nìkan! Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó wá dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Inú irú Èkó yìí ni Christopher Sapara Williams bọ́ sí. Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní 1855, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni orírun rẹ̀. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ Inner Temple, wọ́n sì gbà á sínú iṣẹ́ lọ́yà ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1879. Òun ni ọmọ ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà lónìí tó kọ́kọ́ di lọ́yà. Nígbà tó forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù Èkó ní 1888, ìlú mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Láti ìgbà náà, bàbá tó bá fẹ́ kí ọmọ òun di lọ́yà kì í béèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ló dára jù. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀nà gbà.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ni ju ibòmíì lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì kọ́ ló ń sọ èèyàn di lọ́yà kóòtù. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ní àṣẹ yẹn, Inn ni wọ́n ń pè wọ́n: Inner Temple, Middle Temple, Lincoln's Inn àti Gray's Inn. Àárín Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo wọn wà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ayé àtijọ́. Kí ọdún 1872 tó dé, ìdánwò gan-an ò pọn dandan níbẹ̀. Ohun tó pọn dandan ni oúnjẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà náà, sáà méjìlá ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lò, mẹ́rin lọ́dún, ìyẹn ọdún mẹ́ta. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, ó ní láti jókòó jẹun alẹ́ nínú gbọ̀ngàn Inn rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní yunifásítì máa jẹ alẹ́ mẹ́ta ní sáà kan. Ẹni tí kò bá sí ní yunifásítì máa jẹ mẹ́fà. Ẹ ṣírò rẹ̀: oúnjẹ 72 kí o tó di lọ́yà, àfi bí o bá jẹ́ ọmọ yunifásítì, tí tìrẹ á fi jẹ́ 36. Èèyàn lè jókòó sí Abẹ́òkúta kó ka ìwé òfin tán pátá, kó mọ̀ ọ́n ju ọmọ òyìnbó lọ. Kò kàn wọ́n. Orí rẹ lè wà níbi tó bá wù ú, ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn tó ní owó láti lọ sí Cambridge pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Adetokunbo Ademola, ọmọ Aláké, ka òfin ní Selwyn College ní Cambridge, ṣùgbọ́n Middle Temple ló gbà á wọlé ní 1934. Òun náà ló wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ àgbà, ní 1958. Selwyn kan náà ni Rotimi Williams lọ, Gray's Inn ló sì gbà á ní 1943, lójú ogun. Cambridge fún wọn ní dìgírì àti orúkọ. Lọ́ńdọ̀nù ló fún wọn ní wíìgì.

Mo máa ń rò ó pé oúnjẹ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lásán. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó. Ọmọ Èkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Íńdíà, ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níwájú wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ta ko ara wọn láìjà, bí adájọ́ ṣe ń wọlé tí gbogbo èèyàn ń dìde, kò sí ìwé tó kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà àtijọ́ fi ń sọ òyìnbó tó ń dún bí agogo. Ibi tí wọ́n wà ló kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ilé ń kọ́? Níbo lo máa sùn?

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ láti Èkó dé Liverpool, bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun, kí wọ́n tó wọ rélùwéè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èèyàn á dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀, á kan ilẹ̀kùn onílé. Onílé á wo ojú rẹ̀, á ní yàrá ti tán. Á kan òmíràn, yàrá ti tán níbẹ̀ náà. Àwọ̀ ara ni wọ́n ń wò, wọn ò sì fi pamọ́. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tó ní ìránṣẹ́ nílé á máa rìn kiri nínú òtútù bí ẹni tó sọnù.

Ladipo Solanke mọ èyí dunjú. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ti ka ìwé ní Fourah Bay ní Sierra Leone kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ òfin. Owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1924 tí ìjọba ń ṣe ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn èèyàn Nàìjíríà, ó ń sọ̀rọ̀ pé wọ́n ń jẹ èèyàn. Solanke kọ̀wé ta ko wọ́n. Ọdún yẹn kan náà ló sọ Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí rédíò fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ìkókó. Èmi tí mò ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù lónìí, mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Oṣù kẹjọ ọdún 1925 ni òun, Herbert Bankole-Bright ará Sierra Leone àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni ilé tí wọ́n á máa gbé láìsí pé ẹnìkan ń lé wọn. Solanke gbéra láti 1929 títí di 1932, ó ń rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó fún họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní 1933, wọ́n ṣí i ní òpópónà Camden Road. Yàrá wà níbẹ̀, oúnjẹ wa wà níbẹ̀, àríyànjiyàn òṣèlú sì ń lọ títí di òru. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣí họ́sítẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, Aggrey House, ní 1934, WASU ní àwọn ò dé ibẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ohun tó máa ń ká mi lára nínú ìtàn Solanke ni pé ó di lọ́yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì àti ẹgbẹ́ náà dè é mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1958. Ó wá kọ́ òfin kó lè padà sílé, ìlú tó yàn sì gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba Stella Thomas. Èkó ni wọ́n ti bí i, oníṣòwò ńlá ni bàbá rẹ̀. Ọdún 1919 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì tó gba obìnrin láyè láti ṣe lọ́yà. Nígbà tó di 1933, Middle Temple gba Stella wọlé, obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó di majísíréètì ní Nàìjíríà ní 1943. Nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà nínú àwọn tó dá League of Coloured Peoples sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ìlú kékeré tí kò sí aláwọ̀ dúdú mìíràn kò lè fún un ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wá ọ̀nà mìíràn. Jaja Wachuku gba Ireland lọ, ó ka òfin ní Trinity College ní Dublin, wọ́n sì gbà á sínú iṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀ ní 1944. Ẹni tó bá lọ sí Amẹ́ríkà ńkọ́? Nnamdi Azikiwe lọ síbẹ̀ ní 1925, ó sì padà wálé di oníwèé ìròyìn àti olóṣèlú tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ìwé òfin Amẹ́ríkà pọ̀ tó lọ́wọ́ èèyàn, adájọ́ Èkó ò ní gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ tún wo àwọn Yorùbá tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tí ààlà jù sọ́dọ̀ Faransé. Èdè kan náà là ń sọ, Ọba wọn àti Ọba wa jọ ní orírun kan, ṣùgbọ́n òfin Paris ló dé bá wọn, irú òfin mìíràn pátápátá. Lọ́yà Kétu àti lọ́yà Ìmẹ̀kọ lè kí ara wọn dáadáa lọ́jà, kí wọ́n má sì lè ka ìwé ẹjọ́ ara wọn.

Nínú gbogbo wọn, ẹni tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ti ọmọ tó fi ohùn ránṣẹ́ yìí jù ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀. Ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ra kòkó tà, ó ti ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, ó ti wọ gbèsè ó ti jáde. Ó ti fi ìwé tí wọ́n ń firánṣẹ́ gba dìgírì òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìkúrò nílé. Ṣé ẹ rí i? Dìgírì òwò ṣeé gbà láti Ìbàdàn. Ti lọ́yà kọ́. Ní 1944, ó ti pé ọmọ ọdún 35, ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ṣì ń já lu ìlú. Inner Temple tó wọ̀, ogun ti ba gbọ̀ngàn rẹ̀ àti ilé ìkàwé rẹ̀ jẹ́ láti 1941. Nílé, Màmá HID ń ṣòwò, wọ́n ń tọ́jú ọmọ. Wọ́n gba Awólọ́wọ̀ sínú iṣẹ́ lọ́yà ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1946, ó sì padà wá ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn. Láàárín àkókò kúkúrú yẹn, ó ti wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, ó sì kọ ìwé Path to Nigerian Freedom, tó jáde ní 1947. Òfin ló lọ kọ́, òṣèlú ló tún kó bọ̀.

Ó dáa. Mo ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí. Lọ́ńdọ̀nù fún wọn ní gbogbo èyí, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan méjì kan wà tí kò fún wọn.

Àkọ́kọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń rojọ́ ní kóòtù yàtọ̀ sí àwọn tó ń kọ ìwé àdéhùn, tó ń ṣètò ìwé ilẹ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Inn kì í kọ́ni ní iṣẹ́ kejì yìí. Ní Nàìjíríà, lọ́yà kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin á jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, á yege nínú ìdánwò, á wọ ọkọ̀ bọ̀ wálé, lọ́sẹ̀ kejì ẹnìkan á gbé ìwé ilé títà ka iwájú rẹ̀. Kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Èkejì ló burú jù. Bàbá kan kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ilé kan sílẹ̀. Ta ni olórí ẹbí? Ṣé àkọ́bí lè ta ilé náà láìsọ fún àwọn àbúrò? Ìdí-igi ni a ó fi pín in ni, àbí orí-ò-jorí? Irú ẹjọ́ báyìí ló kún kóòtù Èkó àti Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìdí-igi lórí tábìlì oúnjẹ Inner Temple. Taslim Elias, ọmọ Èkó tó gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949, ló mú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kúnkúndùn: ní 1951, ó gbé ìwé ńlá jáde lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó wá di ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé láti 1982. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló jókòó sí, ilẹ̀ baba rẹ̀ ló ń kà.

Ìjọba náà rí i. Ní 1959, ìgbìmọ̀ kan tí Unsworth jẹ́ alága rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n ní kí Nàìjíríà dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Òfin rẹ̀ jáde ní 1962. Oṣù kìíní ọdún 1963 ni Nigerian Law School bẹ̀rẹ̀ kíláàsì n'Ékòó. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ péré! Láti ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà yí padà. Ibi yòówù kéèyàn ti kọ́ òfin lókè òkun, bó bá fẹ́ ṣe lọ́yà níbí, Law School yìí ló ń gbà kọjá. Bwari ní Abuja ni olú ilé rẹ̀ wà báyìí, àwọn tó kàwé lókè òkun sì máa ń kọ́kọ́ ṣe apá tiwọn, Bar Part I, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin Nàìjíríà tí wọn ò kọ́ lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó darapọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Nítorí náà, àbúrò mi n'Íbàdàn, èyí ni mo fi ránṣẹ́ padà sí ẹ. Mi ò sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ni, mi ò sì sọ pé Scotland ni. Mo béèrè pé: kóòtù wo lo fẹ́ dúró sí? Scotland ní òfin tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti England, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n jọ wà. Yunifásítì mìíràn níbẹ̀ ń kọ́ni ní méjèèjì, òmíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó sanwó. Bó bá jẹ́ ilé lo fẹ́ padà sí, kọ̀wé sí Council of Legal Education ní Nàìjíríà, bi wọ́n bóyá wọ́n gba dìgírì ibẹ̀, kí o sì gba èsì wọn ní kíkọ. Kí o tún fi owó Bwari kún ìṣirò rẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó wà nítòsí kì í ṣe nǹkan kékeré o. Bí Solanke bá ní ẹ̀gbọ́n ìyá ní Lọ́ńdọ̀nù, bóyá kì bá tí ní láti tọrọ owó họ́sítẹ́ẹ̀lì kiri fún ọdún mẹ́ta.

Ó fèsì lálẹ́ àná. Ó ní òun ti fi íméèlì ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, òun sì ti sọ fún màmá òun pé kí wọ́n ṣì dá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ Mọ́níyà náà dúró ná. Ó wá fi ẹ̀rín kún un: ó ní ilẹ̀ ọ̀hún gan-an, ilẹ̀ ẹbí ni, àwọn bàbá kan ní Òkè-Àdó kò tíì fọwọ́ sí i.

Ẹ fi ohùn tiyín náà ránṣẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.